ÌWÉ ÌGBỌ̀WỌ́ ÀTI ỌJỌ́ ÌBẸ̀WÒ

Àsọyé tí a sọ fún àwọn ọmọ ìjọ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe irú èyí tí a sábà máa ń gbọ́ nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Ọ̀rọ̀ òfin ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oṣù ni, ọ̀rọ̀ ìwé ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí gbogbo ẹni tí ó ní ọmọ, àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nawọ́ sókè, a kò rò pé ọwọ́ púpọ̀ ni yóò kù nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni agbanisíṣẹ́ kan dúró fún kí ìjọba tó fún wọn ní físà. A sì mọ̀ pé àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n wá sinmi nílé, tí àwọn fúnra wọn jẹ́ agbanisíṣẹ́ lọ́hùn-ún, tí wọ́n ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí wọ́n sì ti gba ènìyàn láti Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìperu àti Ìlíṣàn sí iṣẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì ni a ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí ó gbani àti ẹni tí a gbà. Ohun tí a ó sì sọ̀rọ̀ lé lórí ni ìbẹ̀wò tí ìjọba ń ṣe sí ọ̀dọ̀ irú agbanisíṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti bí ó ti yẹ kí a múra sílẹ̀ dè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tó ẹni àádọ́ta ọdún yóò rántí wolé-wolé. Bí a bá ti gbọ́ pé ó ti dé àdúgbò kejì, gbogbo ilé a dìde. A ó da omi àmù tí tanwíjí wà nínú rẹ̀ nù, a ó gbá ẹ̀yìnkùlé, a ó fi ẹní bo ibi tí kò dára. Wolé-wolé a sì wọlé, a kí àgbà ilé, kò ní wo ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá náà rárá. Ìdí àmù ni yóò lọ tààrà, yóò wo ẹrẹ̀ tí ó wà níbẹ̀, yóò sì mọ̀ bí ó ti pẹ́ tó tí a ti fọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Ilé tí a ń tọ́jú lójoojúmọ́ kì í sáré nígbà tí ó bá dé. Gbogbo ohun tí a ní láti sọ lálẹ́ yìí kò jìnnà sí èyí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìgbọ̀wọ́ jẹ́. Nínú àṣà wa, ẹni tí ó bá ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹlòmíràn ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró. Bí onígbèsè bá sá lọ, ẹnu ọ̀nà onígbọ̀wọ́ ni olówó yóò wá jókòó sí. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ di òfin. Láti Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ètò tí wọ́n ń pè ní Skilled Worker ti bẹ̀rẹ̀. Nípa ètò yìí, agbanisíṣẹ́ tí ó bá fẹ́ gba àlejò gbọdọ̀ kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ Home Office, èyí tí í ṣe ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ àlejò. Lẹ́yìn èyí ni ó tó lè fún òṣìṣẹ́ ní ìwé ìgbọ̀wọ́, tí wọ́n ń pè ní Certificate of Sponsorship. Nínú ìwé náà ni a kọ orúkọ iṣẹ́, owó tí a ó máa san, iye wákàtí, àti ibi tí a ó ti máa ṣe iṣẹ́ náà. Físà òṣìṣẹ́ rọ̀ mọ́ ìwé yìí bí ọmọ ti í rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá. Bí ìyá bá kọsẹ̀, àti ìyá àti ọmọ ni yóò ṣubú.

Ní Oṣù Kejì ọdún 2022, nítorí àìtó òṣìṣẹ́, ìjọba náà ṣí ọ̀nà yìí sílẹ̀ fún àwọn tí ń tọ́jú arúgbó àti aláìlera. Àwọn ènìyàn India, Nàìjíríà àti Zimbabwe wà lára àwọn tí ó pọ̀ jù lọ tí ó gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀yin náà rí i nílé yìí: olùkọ́ fi yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, akọ̀wé báńkì fi tábìlì rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn di olùtọ́jú arúgbó. Kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá wẹ arúgbó tí kì í ṣe ìyá rẹ̀, tí ó sì ṣe é tìfẹ́tìfẹ́, ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí inú kì í fẹ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n níbi tí oyin bá wà, eṣinṣin kì í pẹ́ dé. Ní Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni a tẹ ìròyìn kan jáde tí David Neal kọ, ẹni tí ó ti jẹ́ Olùbẹ̀wò Àgbà lórí ọ̀rọ̀ ibodè àti àlejò ní ilẹ̀ náà. Nínú ìròyìn yìí ni a ti kà pé a fi ìwé ìgbọ̀wọ́ 275 fún ilé ìtọ́jú kan tí kò sí rárá. A sì fi ìwé 1,234 fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó ti sọ pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré ni òun ní. Ó fi kún un pé olùbẹ̀wò kan ṣoṣo ni ó wà fún 1,600 agbanisíṣẹ́ tí ó ní láísẹ́ǹsì. Ẹ rò ó wò ná. Gbogbo àwọn tí a kọ orúkọ wọn sínú ìwé wọ̀nyẹn ní ìyá àti baba níbì kan, ẹlòmíràn sì ti ta ilẹ̀ ìdílé kí ó tó lè rí owó ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n dé ilẹ̀ òtútù, wọn kò bá iṣẹ́, wọn kò bá ilé.

Lẹ́yìn èyí ni ọwọ́ ìjọba wá le. Láti Oṣù Keje ọdún 2022 títí dé Oṣù Kejìlá ọdún 2024, láísẹ́ǹsì tí ó ju 470 lọ ni wọ́n gbà padà lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ iṣẹ́ ìtọ́jú nìkan, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó sì wà lábẹ́ irú àwọn onígbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2020 ju 39,000 lọ. Kì í ṣe gbogbo àwọn agbanisíṣẹ́ wọ̀nyí ni olè. Àwọn kan nínú wọn ṣe iṣẹ́ gidi, wọ́n sanwó gidi, ṣùgbọ́n nígbà tí olùbẹ̀wò dé, wọn kò ní ìwé tí wọn yóò fi hàn. Nítorí irú àwọn wọ̀nyí gan-an ni a ṣe dìde sọ̀rọ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kùn pé ìjọba ń yọjú sí ohun tí kò kàn án, kí ó rántí ìtàn. Kí ó tó di ọdún 1833, òfin ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dáàbò bo àwọn ọmọdé tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń lọ wò bóyá a ń pa á mọ́; ìwé lásán ni. Ní ọdún náà ni wọ́n yan olùbẹ̀wò mẹ́rin àkọ́kọ́, pẹ̀lú àṣẹ láti wọ ilé-iṣẹ́. Nítòsí wa níhìn-ín, ní ọdún 1930, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí ọ̀gbẹ́ni Cuthbert Christy ṣe olórí rẹ̀ lọ sí Làìbéríà láti wádìí bí a ti ń kó àwọn ènìyàn ránṣẹ́ sí oko kòkó ní Fernando Po, erékùṣù tí a ń pè ní Bioko nísinsìnyí. Lórí ìwé, òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà dé ibẹ̀, tí wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ọ̀ràn kàn, wọ́n rí i pé fífi ipá kó ni, kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí oko ẹrú. Ààrẹ King fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Bí kò bá sí ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, ìwé ì bá máa wí pé àlàáfíà ni.

Wàyí o, báwo ni ìbẹ̀wò náà ti rí? Àwọn òṣìṣẹ́ Home Office lè wá kí wọ́n tó fún ni ní láísẹ́ǹsì, wọ́n sì lè wá nígbàkigbà lẹ́yìn náà. Nígbà mìíràn wọn a kọ̀wé ṣáájú. Nígbà mìíràn ẹnu ọ̀nà ni a ó ti kọ́kọ́ rí wọn. Kì í ṣe ọ́fíìsì nìkan ni wọ́n lè bẹ̀ wò, bí kò ṣe ibikíbi tí òṣìṣẹ́ tí a gbọ̀wọ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Wọn yóò béèrè ẹni tí ìjọba mọ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí fún ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Authorising Officer. Wọn yóò bi í bí ó ti gba àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, bí ó ti ń mọ ẹni tí ó wá sí iṣẹ́ àti ẹni tí kò wá. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ní kí ó kó fáìlì jáde. Lẹ́yìn fáìlì, wọn yóò ní kí a pe òṣìṣẹ́ wá, wọn yóò sì bá òun nìkan sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará Ṣágámù mọ ọjà obì. Oníṣòwò Hausa tí ó bá wá ra gbànja ní Sábó kì í wo ti òkè agbọ̀n nìkan. Yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, yóò fa díẹ̀ yọ láti ìdí, díẹ̀ láti àárín, yóò sì là á wò bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Kò ní ka gbogbo agbọ̀n náà. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ni yóò fi dájọ́ ìyókù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni olùbẹ̀wò ń ṣe. Yóò mú orúkọ mẹ́ta tàbí márùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì yàn wọ́n. Yóò fi ohun tí ìwé ìgbọ̀wọ́ wí wé ohun tí ìwé àdéhùn wí, yóò fi èyí wé owó tí ó wọ báńkì, yóò fi ti báńkì wé ohun tí ilé-iṣẹ́ owó-orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní lọ́wọ́, yóò sì wá fi gbogbo rẹ̀ wé ohun tí òṣìṣẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, ìbẹ̀wò parí ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí kò bá bára mu, kò sí àlàyé dídùn tí ó lè tún un ṣe ní wákàtí náà.

Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí lẹ́tà ìjọba dé. Ọjọ́ tí a gba òṣìṣẹ́ ni ó ti í bẹ̀rẹ̀, àní ṣáájú ọjọ́ náà pàápàá. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí fáìlì tirẹ̀ wà. Kí ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ẹ̀rí ọjọ́ tí ó wọ ilẹ̀ náà. Kí ìwé tí a fi kéde àyè iṣẹ́ wà níbẹ̀, àti àkọsílẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ṣe fún un, kí ó lè hàn pé iṣẹ́ wà ní tòótọ́ àti pé a yan ẹni tí ó yẹ. Kí ìwé àdéhùn tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí wà níbẹ̀, àti ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ bí iṣẹ́ náà bá béèrè rẹ̀. Kí ìwé owó oṣù wà, àti ẹ̀rí pé owó náà wọ àpò báńkì òun tìkára rẹ̀. Kí ibùgbé rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà, kì í ṣe ti ọdún tí ó dé nìkan, bí kò ṣe gbogbo ibi tí ó ti ṣí lọ láti ìgbà náà. Àwọn ọmọ wa máa ń ṣí kiri púpọ̀ ní ọdún kìíní, láti yàrá ọ̀rẹ́ dé yàrá ìbátan. Ibi tí fáìlì ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun kan wà tí a fẹ́ tẹnu mọ́ ju ìyókù lọ, èyí ni ọjọ́ tí a kọ sára ìwé. Òfin béèrè pé kí agbanisíṣẹ́ wádìí pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lóde òní, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń ṣe é: òṣìṣẹ́ yóò fún ọ̀gá ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní share code, ọ̀gá yóò fi wo ẹ̀tọ́ rẹ̀, yóò sì pa èsì rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú ọjọ́. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, tí a wá ṣe ìwádìí rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, a kò tíì ṣe ìwádìí rẹ̀ lójú òfin. Bí ó bá sì wá hàn pé ẹni náà kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́, ìtanràn rẹ̀ láti Oṣù Kejì ọdún 2024 lè tó £45,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì lè tó £60,000 fún ẹni tí ó bá tún ṣẹ̀. Ilé ìtọ́jú kékeré wo ni yóò san irú owó bẹ́ẹ̀ tí yóò tún ṣílẹ̀kùn ní ọ̀la?

A mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn láti máa fi orí pa ìwé mọ́. Bí o bá bi oníṣòwò wa pé níbo ni ìwé tirẹ̀ wà, yóò fi ìka kan iwájú orí. Orí náà sì dára, ó tilẹ̀ lè rántí gbèsè ọdún mẹ́wàá láìṣìṣe. Ṣùgbọ́n olùbẹ̀wò kò lè ka orí.

Yàtọ̀ sí ìwé tí a pa mọ́, ìròyìn wà tí a gbọdọ̀ fi ránṣẹ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sponsorship Management System, onígbọ̀wọ́ gbọdọ̀ ròyìn láàrin ọjọ́ iṣẹ́ 10 bí òṣìṣẹ́ kò bá wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ó bá kúrò, bí ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá yí padà, tàbí bí a bá dín owó rẹ̀ kù. Bí òṣìṣẹ́ bá pa iṣẹ́ jẹ fún ohun tí ó ju ọjọ́ iṣẹ́ 10 lọ léraléra láìgba àyè, a gbọdọ̀ ròyìn èyí pẹ̀lú. Bí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá kó lọ sí ibòmíràn tàbí tí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni a fún un.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan hàn nínú ohun tí ó wọ́pọ̀ láàrin wa. Kí a sọ pé òṣìṣẹ́ kan wà ní ilé ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá rẹ̀ sì kú ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀gá náà, tí í ṣe ọmọ Rẹ́mọ bí tirẹ̀, wí pé, “Máa bọ̀ nílé, àbúrò mi, Ọlọ́run yóò tù ọ́ nínú. Tí ẹ bá parí, kí o padà.” Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ ìnáwó òkú ní ilẹ̀ wa. A gbé òkú sí mọ́ṣúárì, a dúró de ẹ̀gbọ́n tí ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, a yan aṣọ ẹbí, a ṣe àìsùn, a sin òkú, a ṣe ìdúpẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, a sì tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilé tí ìyá fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá. Ọ̀gá kò san owó ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, kò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó ṣàánú. Lójú olùbẹ̀wò tí ó ṣí fáìlì, òṣìṣẹ́ kan kò sí níbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹnikẹ́ni kò sì ròyìn rẹ̀. Òfin sì wí pé bí àkókò tí a kò sanwó fún bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ lápapọ̀ nínú ọdún kan, kí onígbọ̀wọ́ dáwọ́ ìgbọ̀wọ́ dúró, àfi fún àwọn ìdí tí òfin náà dárúkọ, bí àìsàn tàbí ìbímọ, tàbí nítorí ìdí pàtàkì mìíràn tí ó lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Kí ni ọ̀gá yìí ì bá ṣe? Ì bá gba lẹ́tà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà kí ó tó lọ, tí a kọ ọjọ́ lílọ àti ọjọ́ bíbọ̀ sínú rẹ̀. Ì bá kọ́kọ́ fún un ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ tí owó wà lórí rẹ̀. Ì bá fi èsì rẹ̀ àti ìwé ìsìnkú sínú fáìlì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta bá pé, ì bá pe Ìkẹ́nnẹ́, kí ó sì sọ òtítọ́ fún àwọn ẹbí pé bí ọmọ yìí kò bá tètè padà, a lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹbí pẹ̀lú, a bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá ń dá ọjọ́ ìsìnkú, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí ó wà lábẹ́ físà iye ọjọ́ tí òun ní, kí ẹ tó béèrè irú aṣọ tí a ó rà.

Ọ̀ràn ìbátan yìí ní ẹ̀ka mìíràn. Ọ̀gá kan lè gba ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú arúgbó, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà máa wa ọkọ̀ rẹ̀, kí ó máa ra nǹkan lọ́jà, kí ó sì máa jókòó sí ọ́fíìsì. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń gba owó, inú ẹbí dùn. Olùbẹ̀wò yóò bi í pé, “Ta ni ìwọ tọ́jú ní àná? Aago mélòó ni o dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?” Ọmọ náà yóò dákẹ́. Iṣẹ́ tí a kọ sínú ìwé ni kí a ṣe.

Àwọn mìíràn wà tí ìdákẹ́jẹ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Wọn a san owó oṣù sí báńkì ní kíkún, wọn a sì gba apá kan padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ní kọ̀rọ̀. Wọn a gba owó lọ́wọ́ òbí nílé yìí kí wọ́n tó fún ọmọ ní ìwé ìgbọ̀wọ́. Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa: ìwé ìgbọ̀wọ́ kì í ṣe ọjà. Owó kan wà tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ fún ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́ iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Immigration Skills Charge; òfin kò fìgbà kan gbà kí a dá a lé òṣìṣẹ́ lórí. Láti ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá ọdún 2024, owó láísẹ́ǹsì àti owó ìwé ìgbọ̀wọ́ ti bọ́ sábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú ètò Skilled Worker. Ìbéèrè pé ta ni ó san owó ìwé sì wà lára ohun tí olùbẹ̀wò lè bi òṣìṣẹ́. Ọ̀gá tí ó bá ń kọ́ òṣìṣẹ́ ní ìdáhùn ṣáájú ti jẹ́wọ́ fún un pé òun mọ̀ pé ọ̀nà òun kò tọ́, ó sì ti fi ara rẹ̀ sí ọwọ́ ẹni náà títí ayé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ohun kékeré kan kù tí ó ti kó agbanisíṣẹ́ rere sínú ìyọnu. Bí ọ̀gá bá wà ní Ṣágámù fún ìkórè, tí olùbẹ̀wò sì dé ní ọjọ́ náà, ta ni yóò dá a lóhùn? Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá nìkan ni ó ní kọ́kọ́rọ́ àpótí fáìlì, tí òun nìkan sì lè wọ inú ètò ìjọba lórí kọ̀ǹpútà, ó ti sọ ìrìnnà rẹ̀ di ewu. Kí ẹnì kejì wà tí a fi orúkọ rẹ̀ hàn ìjọba lọ́nà tí ó tọ́. Kí ẹni tí ń jókòó ní ẹnu ọ̀nà mọ̀ pé kí òun wo ìwé ìdánimọ̀ àlejò, kí òun fún un ní ìjókòó pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí òun sì pe ẹni tí ó yẹ. Kí ó má ṣe lé e padà, nítorí kíkọ̀ láti jẹ́ kí olùbẹ̀wò wọlé tó láti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ni. Ó sì dára kí ẹnì kan nínú ilé-iṣẹ́ máa ṣe bí olùbẹ̀wò lóṣooṣù, kí ó máa fa fáìlì méjì yọ láìwo orúkọ, kí ó sì béèrè gbogbo ohun tí ìjọba yóò béèrè.

Bí àléébù bá hàn, ìjọba lè sọ ipò láísẹ́ǹsì náà kalẹ̀ láti A sí B, kí wọ́n sì fún ọ̀gá ní ètò àtúnṣe. Wọ́n lè dá láísẹ́ǹsì dúró fún ìgbà díẹ̀, nígbà náà ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni ọ̀gá ní láti fi èsì ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rí. Kí ó má ṣe lo 15 nínú rẹ̀ fún ìbínú. Wọ́n sì lè gbà á padà pátápátá. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, físà òṣìṣẹ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ pàápàá ni a ó gé kúrú. Ọjọ́ 60 ni a sábà máa ń fún un láti rí onígbọ̀wọ́ mìíràn tàbí kí ó kúrò ní ilẹ̀ náà, pẹ̀lú aya tàbí ọkọ àti ọmọ tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọjọ́ 9 Oṣù Kẹrin ọdún 2025, agbanisíṣẹ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ní England ti gbọdọ̀ kọ́kọ́ wá òṣìṣẹ́ láàrin irú àwọn tí onígbọ̀wọ́ wọn ti ṣubú báyìí kí ó tó wo ibòmíràn. Ìrànlọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ìwé owó oṣù rẹ̀, ìwé àdéhùn rẹ̀ àti ẹ̀dà ìwé ìgbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ni yóò tètè rí i gbà. Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ pa ẹ̀dà tirẹ̀ mọ́, kí ó má ṣe fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú àpótí ọ̀gá. Kò sì burú bí ẹ̀dà kejì bá wà nílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Kí a má ṣe rò pé òkè òkun nìkan ni èyí wà. Ní àyíká wa níhìn-ín, ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wà tí àwọn ará òkèèrè ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, àwọn ọmọ ìjọ wa sì ni akọ̀wé àti alábòójútó òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ gbọdọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, tí a ń pè ní expatriate quota, kí ó tó gba àlejò sí iṣẹ́. Ó gbọdọ̀ máa fi ìròyìn àwọn àlejò náà ránṣẹ́ sí Nigeria Immigration Service lóṣooṣù. A sì retí pé kí ọmọ Nàìjíríà méjì máa kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ àlejò kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ Immigration ní àṣẹ láti wá wò ó. Bí orúkọ ọmọ Rẹ́mọ kan bá wà nínú ìwé pé ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́dọ̀ òyìnbó, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ẹnu géètì ni ó ń ṣọ́, irọ́ ìwé náà ti ja ọmọ náà lólè iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ọwọ́ yín ni ó wà. Àwa tí a ń fẹ́ kí òyìnbó ṣe òótọ́ sí ọmọ wa ní Manchester, ẹ jẹ́ kí a máa kọ òótọ́ ní Ṣágámù.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn òbí, a ó sì jókòó. Láti ọjọ́ 22 Oṣù Keje ọdún 2025 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ti ilẹ̀kùn fún gbígba olùtọ́jú arúgbó tuntun láti òkèèrè. Àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ lábẹ́ òfin ni a fún ní àyè láti bọ́ sínú iṣẹ́ náà títí di Oṣù Keje ọdún 2028. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà yàtọ̀, ọ̀nà tiwọn ṣì wà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín ní ilé lónìí pé òun ní ìwé ìgbọ̀wọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láti tà, ẹ má ṣe bá a dúnàádúrà. Bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ mìíràn ni ó dárúkọ, ẹ béèrè orúkọ agbanisíṣẹ́ náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Home Office ń tẹ orúkọ gbogbo agbanisíṣẹ́ tí ó ní láísẹ́ǹsì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìlú rẹ̀ àti ipò rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí a bá ti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kì í sí níbẹ̀ mọ́. Akọ̀wé ìjọ ti gbà láti ṣí i lórí fóònù rẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà rẹ̀. A ó dúró síhìn-ín díẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wo orúkọ agbanisíṣẹ́ ọmọ rẹ̀ lè súnmọ́ tábìlì.